Ẹni Tó Ń Ṣáájú Oyèkúnlé Wọlé

Ọjọ́ kìn-ín-ní tí Fisáyọ̀mi gbọ́ ọ, oòrùn ṣì wà lókè. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù. Ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ, nígbà tí ṣéènì géètì dún, tí géètì fúnra rẹ̀ sì ké kíìì bí ó ti máa ń ké. Ẹsẹ̀ gba orí òkúta wẹ́wẹ́ wá. Ikọ́ kan tẹ̀ lé e, ikọ́ gbígbẹ tí Oyèkúnlé ọkọ rẹ̀ máa ń wú bó bá ti sún mọ́ ilé. Lẹ́yìn náà, bàtà ha pèpéle lẹ́ẹ̀mejì, fàà, fàà, bí ẹni tó ń nu ẹrẹ̀ kúrò.

"Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá Fikáyọ̀," ni ó wí láìgbójú sókè. "Omi ìwẹ̀ yín ti wà nílẹ̀."

Ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

Ó dúró díẹ̀, ó tún kí i. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó gbé atẹ sílẹ̀, ó gba inú ilé kọjá sí iwájú. Pálọ̀ ṣófo. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì láti inú bí ó ṣe tì í. Ó ṣí i, ó yọjú. Ṣéènì wà lára géètì ní kíkọ́, kò tilẹ̀ mì. Kò sí ọmọdé níta, kò sí ewúrẹ́, kò sí adìyẹ tó ń ha ilẹ̀.

Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ṣéènì tó tún dún. Ẹsẹ̀ rìn wá, ikọ́ tẹ̀ lé e, bàtà ha pèpéle, Oyèkúnlé sì wọlé, àpò ìwé rẹ̀ lábíyá, òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Kí ló dé tí o fi ń wò mí bẹ́ẹ̀?"

"Kò sí nǹkan," ni Fisáyọ̀mi wí.

Àmọ́ nǹkan wà. Láti kékeré ni ìyá tó bí i ní Ìlarè ti kọ́ ọ pé bí èèyàn bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ òun, tí kò rí ẹni tó pè é, kó má ṣe jẹ́ ẹ. Wọn ò tilẹ̀ pe òun ní tòun. Òun ló fi ẹnu ara òun kí ohun tí ojú òun kò rí. Òun ló ní kó káàbọ̀. Bó bá wá jẹ́ pé ó ti wọlé lóòótọ́ ńkọ́?

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ó tún ṣẹlẹ̀. Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò sí ìgbà tí kì í jẹ́ pé Oyèkúnlé gan-an yóò dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láìlé láìdín. Fisáyọ̀mi kò kí ẹnikẹ́ni mọ́ títí yóò fi rí ojú rẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ bá wọlé, yóò kọ́kọ́ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ kó tó la ẹnu, títí tí ọkùnrin náà fi béèrè lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?" Ó ní rárá o, iṣẹ́ ló rẹ òun.

Ẹrù yẹn, òun nìkan ló rù ú títí Màmá fi dé. Màmá ni ìyá tó bí Oyèkúnlé. Àdùkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ agbo ilé kan ní Ìrèmọ. Ojú rẹ̀ ń ṣú, wọ́n sì ní kó wá máa bá ọmọ rẹ̀ gbé kó lè máa lọ rí dókítà ojú. Ojú ń ṣú lóòótọ́, àmọ́ etí Màmá mú ju ti ológbò lọ. Kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nígbà tó gbé orí sókè lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ní:

"Oyè ti dé. Lọ gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ rẹ."

Fisáyọ̀mi kò dìde. Abẹ́rẹ́ tó fi ń tún ẹ̀wù Fikáyọ̀ ṣe dúró sójú kan. Ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́ta, ń sùn lórí ẹní.

"O ò gbọ́ ni? Ọkọ rẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀."

"Kì í ṣe òun, Màmá."

Màmá dẹ etí sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń mi kọ́tìnnì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́ta."

"O sì dákẹ́ sí i? Oṣù mẹ́ta? Ìyá Fikáyọ̀, o láyà o! Ọdún méjì ni ọmọ mi lò lókè òkun. Ta ló mọ ohun tó tẹ̀ lé e bọ̀?"

Ohun tí Fisáyọ̀mi náà ti ń rò nìyẹn, tí kò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ sọ. Ó ti gbọ́ ìtàn àwọn akúdàáyà, àwọn tó kú síbì kan tí wọ́n sì ń jẹ tí wọ́n ń mu níbòmíràn, tí wọ́n ń gbéyàwó, tí wọ́n ń bímọ. Lóru, bí Oyèkúnlé bá na ọwọ́ sí i, á kọ́kọ́ wò ó bóyá ọwọ́ náà gbóná.

Lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá sọ fún ọmọ rẹ̀. Wọ́n rò pé yóò bú sẹ́rìn-ín, nítorí olùkọ́ yunifásítì ni, ọ̀rọ̀ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá àti ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ló ń wádìí tọ̀sán-tòru. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ife omi tó fẹ́ mu sílẹ̀.

"Ìṣẹ́jú mélòó ló máa ń wà láàárín?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ni Fisáyọ̀mi dáhùn.

Oyèkúnlé mí kanlẹ̀. "Ní Bẹ́gẹ̀n, lórílẹ̀-èdè Nọ́wè tí mo wà, opó àgbàlagbà kan ló ni ilé tí mo gbé. Ìgbàkígbà tí mo bá dé ni mo máa ń bá tíì gbígbóná lórí tábìlì. Mo ní, 'Ìyá, báwo lẹ ṣe ń mọ àkókò tí mo máa dé? Òjò dídì a máa dá bọ́ọ̀sì dúró, èmi gan-an kì í mọ̀.' Ó ní, 'Mo máa ń gbọ́ ẹ lórí àtẹ̀gùn. Bí mo bá ti gbọ́ ẹ, mo máa gbé omi kaná. Bí omi bá hó, ìwọ gan-an á dé.' Kò fi ṣe bàbàrà rárá. Ó ní wọ́n lórúkọ tí wọ́n ń pè é."

Ó fa bébà kan jáde, ó kọ ọ́ sí i: *vardøger*. Lẹ́nu rẹ̀, ó dún létí Fisáyọ̀mi bí "fáádọ́gà".

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Ohun tí mo bi ìyá onílé nìyẹn, kò mọ̀. Ó ní fáádọ́gà ni fáádọ́gà. Màmá, bí àwọn èèyàn bá ń pè mí ní Oyèkúnlé, ta ló ń ronú oyè, ta ló ń ronú ilé tí oyè kún? Orúkọ kan ṣoṣo ló ti dà lẹ́nu wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún tiwọn. Ìgbà tí mo lọ tú àwọn ìwé àtijọ́ wò ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n dì pọ̀, àwọn tó dì í sì ti kú láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Èkíní, ẹ̀ṣọ́ ni, ẹni tó ń ṣọ́ nǹkan. Èkejì, ọkàn ni, èrò inú èèyàn. Ẹ̀ṣọ́ tó jẹ́ ọkàn. Wọ́n gbà pé olúkúlùkù ló ní tirẹ̀, pé òun ló máa ń ṣáájú olówó rẹ̀ dé ibi tó ń lọ."

Màmá mi orí. "Ẹ̀ṣọ́ kì í ṣáájú lásán. Kí ló ń ṣọ́? Ṣé ẹni tó ni ín ni, àbí ilé?"

Oyèkúnlé ronú sí i. "Ìwé ò sọ, Màmá."

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá tó ń kó ọ̀rọ̀ jọ sí, inú rẹ̀ sì dùn bíi ti ẹni tó rí owó he. Inú Fisáyọ̀mi kò dùn. Mímọ orúkọ ajá kò ní kó má bu èèyàn jẹ. Nǹkan náà kò dáwọ́ dúró, kò sì mọ́ ọn lára. Gbogbo ìgbà tí ṣéènì bá dún ni yóò gbé Fikáyọ̀ mọ́ra títí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò fi pé.

Ọdún 1997 ni ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó gbé Ifẹ̀ nígbà náà kò nílò àlàyé. Ẹni tí kò gbé ibẹ̀, kó ṣáà mọ̀ pé àwọn tó ń ta iyọ̀ fún ara wọn tẹ́lẹ̀ ló wá ń yọ ìbọn sí ara wọn. Àgbègbè méjì tó ń bára wọn jà yìí, òpópónà tí Oyèkúnlé gbé ni wọ́n ti fẹ̀yìn kan ara wọn. Nígbà àlàáfíà, ìyẹn jẹ́ àǹfààní, nítorí ọjà méjì ló sún mọ́ wọn. Nígbà ìjà, ilé wọn wá di ẹran tó wà láàárín eyín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, tí gbogbo nǹkan rọlẹ̀ díẹ̀, Oyèkúnlé lọ sí Ìpetumodù. Àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀ ti ń darúgbó, ó sì ń kó àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò nídìí iṣẹ́ wọn sílẹ̀ kó má bàa bá wọn lọ. Ó ní òun yóò dé ní ọ̀sán ọjọ́rú.

"Bí nǹkan bá yí padà," ló sọ lẹ́nu géètì, "ẹ má kúrò nílé kí n tó dé. Bí ẹ bá kúrò, ibo ni n ó ti máa wá yín?"

Kò sí fóònù nílé wọn. Fisáyọ̀mi ní àwọn ò ní kúrò.

Àárọ̀ ọjọ́rú, ìbọn ló jí wọn. Kò jìnnà. Èéfín dúdú ń gòkè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, òórùn táyà tó ń jó sì gba ojú fèrèsé wọlé. Àwọn ará òpópónà ń di ẹrù, àwọn mìíràn kò di nǹkan kan, ọmọ nìkan ni wọ́n gbé. Ògúndèjì tó ń gbé ilé kejì, awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ti ń kó èèyàn lọ sínú ìlú láti aago mẹ́jọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, ó yọjú sí wọn, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìyá Fikáyọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló kù tí epo mi lè lọ. Bí mo bá kó àwọn ará ọ̀hún dé Ìrèmọ, mo máa padà wá kó yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí."

"Mò ń retí bàbá rẹ̀ ni."

"Ẹ ó retí rẹ̀ nínú iná?" Kò dúró gbọ́ èsì.

Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ṣéènì dún.

Géètì ké kíìì. Ẹsẹ̀ gba orí òkúta wá. Ikọ́ kan. Bàtà ha pèpéle lẹ́ẹ̀mejì. "Dádì!" ni Fikáyọ̀ pariwo, ó sì sáré sí ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ méjèèjì ní nínà. Fisáyọ̀mi fà á padà níbi ẹ̀wù débi pé bọ́tìnnì já. Ọmọ náà wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò tíì gbọ́ ọ rí kó tó dọjọ́ náà. Tàbí kẹ̀, ó ti ń gbọ́ ọ, wọn ò mọ̀ ni.

"Ó ń bọ̀," ni Fisáyọ̀mi ń sọ, ayọ̀ àti ìpayà ń já lu ara wọn láyà rẹ̀. "Màmá, ó ń bọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ jẹ́ ká dúró."

"Ṣíì," ni Màmá wí. "Dákẹ́."

Ẹsẹ̀ náà kò dúró lórí pèpéle bí ti àtẹ̀yìnwá. Ó wọ pálọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ lórí sìmẹ́ǹtì, ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gba iwájú wọn kọjá. Kò sí nǹkan tí ojú rí. Ó wọ yàrá, ó dúró níbi fèrèsé, irin fèrèsé sì dún kọ́, bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ tì í wò bóyá ó há. Ó jáde níbẹ̀, ó wọ yàrá Màmá. Kọ́. Ó wọ ilé ìdáná. Kọ́. Fisáyọ̀mi ti bo ojú ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, òun fúnra rẹ̀ kò lè dijú. Ẹsẹ̀ náà tún gba iwájú wọn padà, afẹ́fẹ́ tútù díẹ̀ fẹ́ lu ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bọ́ sórí pèpéle, sórí òkúta. Géètì ké. Ṣéènì dún.

Ó ti jáde.

"Ó lọ," ni Màmá wí. "Gbogbo ìgbà tó ti ń wá, ǹjẹ́ a ti gbọ́ tó jáde rí?"

"Rárá, Màmá."

"Bí ẹ̀ṣọ́ bá yí ilé ká, tó sì jáde, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Kò wá sọ fún wa pé Oyè ń bọ̀. Ilé ló wá wò, ó rí i pé kò ṣeé gbé. Dìde, ìyàwó mi. Gbé ọmọ."

"Ó ní ká má kúrò! Bó bá dé ńkọ́, tí kò bá wa?"

"Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ bẹ́ẹ̀ lánàá. Èyí tó wá lónìí, kì í ṣe ẹnu rẹ̀."

Níta, Ògúndèjì ti ń fọn fèrè ọkọ̀. Fisáyọ̀mi wo aago. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti lọ. Ó gbé Fikáyọ̀ pọ̀n, ó di Màmá lọ́wọ́ mú. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó mú èédú kan, ó kọ ÌRÈMỌ sára ilẹ̀kùn gàdàgbà kí ọkọ rẹ̀ lè mọ ibi tí wọ́n wà. Ó ti fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kúrò lórí pèpéle kí ó tó yé e pé àwọn tó ń dáná sun ilé, àwọn náà mọ ìwé kà. Bí wọ́n bá bá ọkọ òun níwájú ilẹ̀kùn yìí, èédú yẹn ni yóò sọ fún wọn ẹni tó jẹ́, pé ọmọ apá kejì tí wọ́n ń bá jà ni. Ó sáré padà, ó fi etí ìró nu ún títí gbogbo ilẹ̀kùn fi di dúdú, tí lẹ́tà kankan kò ṣeé kà mọ́. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún un.

Nínú ọkọ̀ náà, ó dojú bolẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lórí. Ó gbọ́ tí òkúta ba irin ọkọ̀, ó gbọ́ tí Ògúndèjì ń pe Jésù, tó tún ń pe Ògún. Kò gbé orí sókè títí wọ́n fi dé Ìrèmọ. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀: aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nísinsìnyí ló ń ṣí géètì. Nísinsìnyí ló ń wúkọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ìròyìn dé pé gbogbo ilé òpópónà wọn ti jóná, òrùlé tiwọn ti wó sínú pálọ̀. Kò sẹ́ni tó rí Oyèkúnlé. Ọjọ́bọ̀ kọjá. Ọjọ́ Ẹtì kọjá. Àwọn ẹbí ní agbo ilé ń gbé ẹ̀kọ ka iwájú Fisáyọ̀mi, wọ́n sì ń gbé e kúrò bó ṣe wà. Èyí tó le jù fún un ni pé géètì onírin kan wà ní agbo ilé náà. Bó bá dún, ọkàn rẹ̀ á fò. Ó ń fẹ́ gbọ́ ikọ́ yẹn, ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀ bí ikú, nítorí bí ikọ́ bá dé, tí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé, tí ẹnikẹ́ni kò wọlé, a jẹ́ pé ó ti parí nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi òwú di etí rẹ̀ méjèèjì.

Nítorí náà kò gbọ́ nígbà tó dé. Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ó ń gbọ́n omi nínú àmù. Ó yíjú, ó sì rí ọkùnrin kan tó dúró sí àárín agbo ilé, ẹrẹ̀ gbígbẹ dé orúnkún rẹ̀, irùngbọ̀n hù kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ojú Oyèkúnlé ni. Igbá omi bọ́ lọ́wọ́ Fisáyọ̀mi. Kò lè sọ pé ẹ káàbọ̀. Ọkùnrin náà la ẹnu, òwú kò jẹ́ kó gbọ́ ohun tó sọ, ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn títí ògiri fi dá a dúró.

Màmá ni wọ́n fà wá. Ó fi ọwọ́ tọ́ ojú ọkùnrin náà, ó tọ́ àyà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú pinpin.

"Ó gbóná," ni Màmá wí. "Ọmọ mi ni." Ó wá bú sẹ́kún.

Nígbà tó jẹun tán ni wọ́n tó bi í. Kò kúrò ní Ìpetumodù rárá lọ́jọ́rú. Awakọ̀ kankan kò gbà láti wá. Ó padà sọ́dọ̀ ìyá amọ̀kòkò tó gbà á sílé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹbu, ibi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò, kò sì lè kọ nǹkan kan. Ìyá náà pè é títí, kò dáhùn. Ó ní, "Ọmọ, ọkàn rẹ ò sí níbí." Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú oko kòkó wá, nígbà tó sì gbọ́ pé òpópónà wọn ti jóná, ó forí lé agbo ilé ìyá rẹ̀.

"Aago mélòó ni ìyá yẹn sọ bẹ́ẹ̀?" ni Fisáyọ̀mi béèrè.

"Ọ̀sán ni. Mi ò wo aago." Ó wò ó. "Kí ló dé?"

Ìwé ńlá ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jóná mọ́ ilé, iṣẹ́ ọdún mẹ́fà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ra ìwé tuntun, ó ní òun fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́rú fún òun. Fisáyọ̀mi kọ̀. Ó ń ṣa aṣọ lórí okùn, ó ní kó jẹ́ kóun ṣe iṣẹ́ òun. Àmọ́ nígbà tí oòrùn wọ̀, ó wá jókòó sí iwájú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ṣéènì dún. Màmá ń tún un sọ níbi tó bá ti fò ó. Oyèkúnlé ń kọ, kò gbójú sókè. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí Fikáyọ̀ ti sáré sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì ní nínà, báírò rẹ̀ dúró.

Wọ́n dúró dè é. Kò kọ ọ́. Ó pa ìwé náà dé, ó dìde, ó sì jáde lọ wá ọmọ náà níbi tó ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré lẹ́bàá àmù, ó sì gbé e mọ́ra.